Agbára Tí A Pín Káàkiri, àti Ìbò Ìjọba Ìbílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18, tí orúkọ yín sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé àwọn olùdìbò, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ni pípín agbára kúrò lójú kan. Lẹ́nu àwọn olóṣèlú, ó máa ń dún bí ọ̀rọ̀ ńlá. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju èyí lọ: kí ẹni tí ó súnmọ́ ọ̀ràn ní àṣẹ láti pinnu lórí rẹ̀, kí ó sì ní owó tí yóò fi ṣe é.

Àwọn baba ńlá wa mọ̀ ọ́n. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin kì í dá ìlú ṣe. Ọ̀yọ́ Mèsì méje, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ń bá a pín àṣẹ, ẹjọ́ inú agbo ilé sì wà lọ́wọ́ baálé. Nínú ọjà títí di òní, àwọn aláta ní olórí tiwọn, àwọn aláṣọ ní tiwọn. Íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń lò pàápàá kò ní ojúkò kan ṣoṣo. Bí ọ̀nà kan bá dí, iṣẹ́ tí a rán a gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2023, a tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ṣe kí àwọn ìpínlẹ̀ lè máa pèsè iná mànàmáná, kí wọ́n sì máa pín in, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé.

Ṣùgbọ́n ti ìjọba ìbílẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Méje lé ní 33 kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ní Nàìjíríà. 774 ni, 33 péré nínú wọn ni ó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé àwọn tí a dìbò yàn ni kí ó máa darí wọn. Ó ka iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, odò ẹran, itẹ́ òkú, gọ́tà, iná ojú pópó, kíkó ìdọ̀tí. Àṣẹ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ àti ọmọlanke pàápàá wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó ń ti ọmọlanke jẹun mọ̀ pé òfin náà kan òun.

Kí ló wá dé tí gọ́tà fi dí? Owó ni gbòǹgbò ọ̀ràn náà. Inú àpò kan náà tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó ni owó ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà kọjá, ọ̀pọ̀ gómìnà sì máa ń yan ìgbìmọ̀ fìdíhẹẹ́ tẹ́lẹ̀ dípò kí wọ́n jẹ́ kí ará ìlú dìbò. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé irú ìyànsípò bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin, pé kí a san owó náà tààrà fún ìjọba ìbílẹ̀, àti pé èyí tí a dìbò yàn nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Nítorí náà, ìbò yín ti di kọ́kọ́rọ́ àpò náà. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn a máa tò gìrìgìrì fún ìbò ààrẹ, wọn a sì sùn nílé lọ́jọ́ ìbò káńsílọ̀. Lójú tèmi, ìdàkejì ni ó yẹ kí ó rí: wọ́ọ̀dù kéré, ìbò díẹ̀ a sì máa yí èsì padà níbẹ̀. N kò sọ pé agbára tí a pín kò lè bọ́ sọ́wọ́ olè. Ó lè bọ́ sí i. Àmọ́ olè tí ó wà ládùúgbò, ẹ mọ ilé rẹ̀.

Ìwé ìdìbò méjì ni ẹ ó gbà: ọ̀kan fún alága, èkejì fún káńsílọ̀. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ wádìí wọ́ọ̀dù tí ibùdó ìdìbò yín wà, kí ẹ mọ àwọn tí ń díje níbẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n nípa gọ́tà kan pàtó tí ẹ̀yin fúnra yín ń fò kọjá lójoojúmọ́.