Taijiquan: Níbo Ni Agbára Rẹ̀ Ti Ń Wá?
Àwọn kan gbà pé agbára àwámáridìí ló wà nídìí taijiquan, ìjà àwọn ará Ṣáínà tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá aráyé ní 2020. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe: orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, èjìká rẹ̀ rọ̀, ìbàdí ló ń darí ọwọ́. Bí ẹnìkan bá tì í, kò ní tì í padà. Á yí ìbàdí, agbára onítọ̀hún á sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n máa ń fi í dánra wò. Ẹ lè ní, ìjà wo ló ń falẹ̀ báyìí? Ẹni tó ń sáré lè fi eré bo ìdúró tí kò dára. Ẹni tó rọra ń ṣe é kò ríbi fi tirẹ̀ pamọ́ sí. Ní 2012, ìwádìí kan ní Oregon, Amẹ́ríkà, lára ènìyàn 195 tó ní àrùn Parkinson, tó máa ń ba ìdúró ara jẹ́, fi hàn pé àwọn tó ṣe taijiquan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24 kò ṣubú tó àwọn tó kàn ń na ara. Lóòótọ́, ní ti ṣíṣubú, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àwọn tó ń fi ẹrù ṣe eré ìdárayá. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dá mi lójú pé kò sí idán níbẹ̀: iṣan àti ìdúró ni, àgbàlagbà ilé wa náà sì lè kọ́ ọ.