ÒKÚ ÌBỌN ÀTI ÌBỌN ÀÀYÈ

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogboogbò wa ní Lewisham

Àwa méjì tí a dìde yìí ni a tẹ̀ lé ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ lọ ra ìbọn. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti tàn ká, ó ti tó ẹni mẹ́ta tí ó bi wá bóyá àwọn náà lè rà. Ìgbìmọ̀ wá ní kí a kúkú sọ ọ́ ní gbangba kí gbogbo wa gbọ́ ọ, torí abéèrè kì í ṣìnà.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àyà yín já. Kì í ṣe ìjà ni àgbà wa fẹ́ jà. Bàbá tí ó bí wọn lọ sí Ogun Hitler. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Bọ́mà láàárín 1943 sí 1945, nínú Division 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìbọn Bren ni wọ́n gbé la igbó kọjá. Orúkọ ìbọn yìí wá láti ara Brno, ìlú àwọn Czech tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, àti Enfield níbí, níbi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ fún sójà Gẹ̀ẹ́sì. Ó wúwo tó kìlógíráàmù 10. Àpò ọta rẹ̀ ń gba ọta 30, ó sì lè yìn tó 500 ní ìṣẹ́jú kan. Arọ̀jò-ọta gan-an ni.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa níbí ni kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Wọn kò mọ olóògbé Isaac Fádóyẹbọ, ọmọ Ẹ̀mùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí ọta bà ní Bọ́mà ní oṣù Kẹta 1944, tí àwọn ará abúlé ibẹ̀ sì fi pamọ́ fún oṣù mélòó kan kí àwọn sójà tó rí i gbà padà. Ọdún 2012 ni wọ́n tó fi ayé sílẹ̀. Àgbà wa ní kí àwọn ọmọ-ọmọ àwọn lè fojú rí ohun tí bàbá àwọn gbé. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n Màmá, ìyàwó wọn, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ìbọn kankan kò gbọdọ̀ wọ ilé àwọn, nígbà tí ọmọ-ọmọ àwọn, ọmọ ọdún 15, ń gba Peckham kọjá lójoojúmọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. A kò lè dá Màmá lẹ́bi. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nítorí náà ni a ṣe kọ́kọ́ wádìí òfin kí a tó dá owó.

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé ní ilẹ̀ yìí, ìbọn arọ̀jò-ọta tí ó wà láàyè ti di èèwọ̀ fún aráàlú láti ìgbà Òfin Ìbọn 1937. Òfin Ìbọn 1968, ní Abala 5, ló dì í mú títí di òní. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa ènìyàn 16 ní Hungerford ní oṣù Kẹjọ 1987, òfin 1988 gba ọ̀pọ̀ ìbọn mìíràn mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn kú ní Dunblane ní Skọ́tláǹdì, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 1996, òfin 1997 gba ìbọn ìléwọ́ náà. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn arọ̀jò-ọta mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni ó kéré jù fún àgbàlagbà láti ìgbà òfin 2003, àfi bí ilé-ẹjọ́ bá rí ìdí pàtàkì. "N kò mọ̀" kò sì lè gba ènìyàn sílẹ̀.

Àbúrò wọn kan tí ó wà ní Houston tẹ̀ wọ́n láago pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ní ọ̀dọ̀ àwọn, ènìyàn lè rà á ní gbangba. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà òfin 1934, arọ̀jò-ọta gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìjọba. Láti ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1986, èyí tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà nìkan ni aráàlú lè rà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò tẹ ìka, yóò fi fọ́tò sílẹ̀, yóò san owó orí 200 dọ́là, yóò sì dúró títí wọn yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Torí pé wọn kò fi òmíràn kún un mọ́, ó ti gbówó lórí kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ti ká fi ránṣẹ́ sí London, ẹ má tilẹ̀ rò ó. Ìwé Houston kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní Lewisham.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni òkú ìbọn. Èyí ni ìbọn tí wọ́n ti wẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ pa tí kò lè yìn mọ́ láé. Òfin 1988 ló là ọ̀nà yìí. Ilé ìdánwò ìbọn méjì ló wà fún un, ọ̀kan ní London ní Commercial Road, èkejì ní Birmingham. Àwọn ni wọ́n ń yẹ iṣẹ́ náà wò, tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí ara ìbọn, tí wọ́n sì ń fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Kò gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá láti ní i nílé.

Níbí ni ọ̀fìn wà, ibẹ̀ ni a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn sí. A lọ sí ọjà àwọn tí ń ta ohun ogun àtijọ́, lẹ́yìn òde London. Oníṣòwò kan gbé Bren kan jáde. Ó dára, owó rẹ̀ kò ga, ó sì ní ìwé-ẹ̀rí. Àgbà wa ti ń ka owó. A ní kí wọ́n jẹ́ kí a wo ìwé náà. Ọdún 1992 ni ó wà lórí rẹ̀! Ọkùnrin náà ní kò sí wàhálà, pé ìwé ni ìwé ń jẹ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mú ìlànà pípa ìbọn le sí i ní 1995, wọ́n sì tún mú un le gan-an ní oṣù Kẹrin 2016. Láti ìgbà òfin 2017, ẹni tí ó ti ní èyí tí wọ́n pa ní ìlànà àtijọ́ lè fi í sílé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tà á fún aráàlú bíi tiwa tàbí kí ó fi ta á lọ́rẹ, àfi bí wọ́n bá tún un pa ní ìlànà tuntun. A dì mọ́ àgbà wa lápá, a kúrò níbẹ̀. Inú wọn kò dùn, wọn kò bá wa sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi dé New Cross.

Nígbà tí ó yá, wọ́n rí òmíràn lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà, ohun tí yóò ṣe nìyí:

1. Kí ó béèrè ìwé-ẹ̀rí kí ó tó san kọ́bọ̀. Kí ìwé náà jẹ́ ti ìlànà tuntun.

2. Kí ó fi nọ́ńbà inú ìwé wé èyí tí ó wà lára ìbọn, kí ó sì wá òǹtẹ̀ náà.

3. Kí ó rí i pé ẹni tí ó tà á fi tó Home Office létí. Ó ti di dandan láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 2019, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó rà á.

4. Kí ìwé-ẹ̀rí àti ìwé owó wà pa pọ̀ níbi tí ìyàwó àti ọmọ ti lè rí i, bí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn.

5. Kí ó má gbé e jáde ní ìta láìsí ìdí pàtàkì. Òkú ìbọn jọ ìbọn ààyè lójú ẹni tí ń kọjá àti lójú ọlọ́pàá tí ó dira ogun. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi sínú àpótí ẹrù lọ sílé. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959 náà ka arọ̀jò-ọta léèwọ̀.

Ẹnì kan bi wá nípa ṣakabùlà bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ ọdẹ. Ìlànà 2021 wí pé ìbọn àtijọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n rọ ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1939, kí ènìyàn sì fi í ṣe ọ̀ṣọ́ tàbí ohun ìrántí nìkan. Ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ ní ìgbà Gowon tàbí ìgbà Ọbásanjọ́ kì í ṣe ìbọn àtijọ́, bí ó ti wù kí ó ṣe hẹ́gẹhẹ̀gẹ tó. Ó gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ohun tí kò dá a lójú nílé, tàbí ó bá a nínú ẹrù ẹni tí ó ti kú, kí ó má gbé e rìn ní títì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kí ó kọ́kọ́ pe 101, wọn yóò sọ ohun tí yóò ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sílẹ̀: àwọn ìbọn aláriwo kan tí wọ́n ń ṣe ní Turkey, tí a lè rà láìsí ìwé tẹ́lẹ̀, Retay, Ekol, Ceonic àti Blow, ọlọ́pàá gbà wọ́n wọlé ní oṣù Kejì 2025, torí àwọn jàǹdùkú ti ń sọ wọ́n di ìbọn ààyè. Ẹni tí ó bá ṣì fi irú èyí pamọ́ ń fi ẹ̀wọ̀n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní ti Màmá, ìdílé náà jókòó, wọ́n sì fẹnu kò. Bren náà wọlé, ṣùgbọ́n inú àpótí onígíláàsì tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ni ó wà, Màmá ló sì mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ gbé e yà fọ́tò, torí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lè dé ilé-ẹ̀kọ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Fọ́tò bàbá-bàbá nínú aṣọ sójà ni wọ́n gbé kọ́ sókè rẹ̀. Ọjọ́ tí a lọ kí wọn, ọmọ ọdún 15 náà kò wo ìbọn pẹ́. Fọ́tò ló dúró sí iwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá àgbà, ọdún mélòó ni wọ́n nígbà yẹn?" Ọdún 19 ni. Ó wá fà àga, ó jókòó.

Àwòkọ òfin tí a kà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà, kí ó wá rí wa kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ó sì bi agbẹjọ́rò. Olúwa yóò máa ṣọ́ àwa àti àwọn ọmọ wa. Àmín.