Ìyàwó Yín Kọ́ Ló Sọ Pẹ́nárítì Nù

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ há mọ́ Aba Road, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sun bọ̀ọ̀lì létí Stadium Road níbí ní Rumuomasi, ẹ kú ọjà, ẹ bá mi fi ẹja tèmi pamọ́. Aládùúgbò yín tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ náà ló tún dé.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni ti òní. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara èèyàn nígbà tí ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn bá fìdí rẹmi: bí ọpọlọ ṣe ń ṣe, bí ọkàn ṣe ń ṣe, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìwé ọ̀hún ló wà níwájú mi yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ìyá kan lóhùn tó fi ohùn ránṣẹ́ láti Old Aba Road. Ó ní tí wọ́n bá ti na ẹgbẹ́ ọkọ òun, bàbá ò ní jẹun, á kọjú sí ògiri, tọ́mọ bá sì béèrè owó ìwé, á jágbe mọ́ ọn bí ẹni pé ọmọ yẹn ni aṣọ́lé tí bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ìyá ní, "Ẹ bá mi bi í, kí ni mo ṣe?"

Màmá, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Bàbá, níbi yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹ tẹ́tí: ìyàwó yín kọ́ ló sọ pẹ́nárítì nù. Kò wọ bàtà ìgbábọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Ọbẹ̀ ló ń sè.

Ẹ má rò pé mò ń fi ọgbẹ́ yín ṣẹ̀fẹ̀. Ìyẹn gan-an lohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ará ilé wọn wí lé lórí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "ṣebí eré lásán ni." Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ni tí inú rẹ̀ ń gbóná. Ẹni tó ti ń tẹ̀ lé Sharks tàbí Dolphins láti kékeré, tó sì bá wọn dé inú Rivers United nígbà tí wọ́n da ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀ ní 2016, owó rẹ̀ wà níbẹ̀, òjò tó pa á wà níbẹ̀, ohùn tó há wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ fẹ́ni tí ìfẹ́ já kulẹ̀ pé kò ní ẹ̀tọ́ láti sunkún.

Ẹ wo 2022. Rivers United gba ife líìgì Nàìjíríà lọ́dún náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà á. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n pàdé Wydad Casablanca ní ìdíje Champions League ilẹ̀ Áfíríkà. Wydad yìí kan náà ni ife ìdíje náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. A gbà wọ́n lálejò ní Port Harcourt níbí, a fi 2-1 nà wọ́n. Háà! Àwọn tí ò mọ ohun tí ọ́fúsáìdì jẹ́ gan-an ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù fún mi nínú kẹ̀kẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ sí Casablanca ní Mòrókò. Mẹ́fà sí òdo. Ẹ má jẹ́ n tún un sọ.

Bọ̀dá kan pè wá nígbà yẹn, ó ní kí n má dárúkọ Mòrókò létí òun mọ́. Bọ̀dá, ẹ má bínú, màá tún dárúkọ rẹ̀. Ṣé ẹ rántí 2005? Dolphins dé àṣekágbá Confederation Cup, wọ́n na FAR Rabat ní 1-0 nílé wa. Wọ́n dé Rabat, wọ́n jẹ mẹ́ta láì dá ọ̀kan padà. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tẹ́ ẹ wà láàárín wa, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà lẹ kàn. Ní 1996, 3SC yín na Zamalek ní 2-1 ní Ìbàdàn nínú àṣekágbá ife àwọn akọni Áfíríkà. Zamalek náà fi 2-1 dá a padà ní Cairo, wọ́n sì fi pẹ́nárítì gba ife. Zamalek yìí náà ló ti gba irú ife yẹn lọ́wọ́ 3SC ní 1984. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé òun nìkan layé fìyà jẹ, kó lọ bi bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Bàbá á jókòó tì í, á sọ ti 1984, á sọ ti 1996, kó tó parí, inú ọmọ á ti rọ̀ díẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí, kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́. Ìyàwó tí ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kọ́ lẹ máa lọ kó o lé lórí. Mo ti sọ ọ́, òun kọ́ ló sọ pẹ́nárítì nù.

Bọ̀dá Rumuobiakani, mo ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Ẹ ní, "Àǹtí, ẹ ti ń gbè sẹ́yìn àwọn obìnrin jù." Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń gbè. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó fà á. Ní Lancashire lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùwádìí yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọlọ́pàá wò lásìkò ife àgbáyé 2002, 2006 àti 2010. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá na ẹgbẹ́ England, ẹjọ́ ìwà ipá nínú ilé máa ń fi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ẹ ní tí wọ́n bá wá borí tàbí tí wọ́n ta ọ̀mì ńkọ́? Ó ń fi ìdá 26 lé sí i. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù nìkan kọ́, ọtí tí wọ́n ń mu tì í wà níbẹ̀, ìwà ọwọ́ ẹni náà sì wà níbẹ̀. Bó bá ti rí láàárín àwa náà, ẹ̀yin aládùúgbò tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn ògiri mọ̀ jù mí lọ. Ẹ kanlẹ̀kùn. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin náà lẹ torí Chelsea yọ ọmọdékùnrin kan lẹ́nu títí tó fi ṣí kúrò ní kọ́ḿpáǹdì. Ọkọ yín náà kọ́ ló sọ pẹ́nárítì nù.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti tẹ́tẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé sí wa, ó ní òun fi owó oúnjẹ òun ta tẹ́tẹ́ lórí ẹgbẹ́ òun "láti fi ìfẹ́ hàn." Ìfẹ́ kọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ kì í fojú tó mọ́ wo bóyá wọ́n máa borí. Tí wọ́n bá wá nà wọ́n, ọgbẹ́ di méjì, ebi tún ṣìkẹta. Ẹni tí ò bá lè fi tẹ́tẹ́ sílẹ̀ pátápátá, kó ṣáà má ta á lórí ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn.

Fóònù ńkọ́? Fèrè ìparí ò tíì dákẹ́, ẹ ti wà lórí WhatsApp, ẹ ń wá ẹni tó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sì máa rí i, torí ẹ̀yin náà ṣe tiwọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ pa fóònù. Ẹ fẹsẹ̀ rìn láti ilé tẹ́ ẹ ti wo bọ́ọ̀lù dé ilé yín, ẹ má gun kẹ̀kẹ́. Ẹ ra bọ̀ọ̀lì lọ́nà. (Bọ̀ọ̀lì ìhín ni mò ń wí o, ti ata àti epo pupa pẹ̀lú ẹja, kì í ṣe ti ẹ̀pà tá a fi ń tan ara wa jẹ lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ má pè mí lórí ìyẹn, n ò ní dáhùn.) Ẹni tó bá rìn, tó sì jẹun, ohùn rẹ̀ á ti wálẹ̀ kó tó kanlẹ̀kùn.

Ọ̀gá tó wà lẹ́yìn gíláàsì ti ń nawọ́ sáago. Ìwé tí mo kọ ńkọ́? Ó dáa, ní kúkúrú: inú á ru, ara á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á gòkè. Ó tán. Ìyókù di ọjọ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n n ò ní fo ti oògùn. Nígbà tí Jámánì gbàlejò ife àgbáyé ní 2006, àwọn dókítà ní Munich àti àyíká rẹ̀ ka àwọn tí àìsàn ọkàn ṣàdédé kọlù. Lọ́jọ́ tí Jámánì bá ń gbá bọ́ọ̀lù, iye wọn ju ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ti ọjọ́ mìíràn lọ. Ẹ ní ti òyìnbó nìyẹn. Ẹ rántí ọjọ́ 7 oṣù kejì 2024. Super Eagles àti South Africa nínú ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Bouaké. Osimhen gbá góòlù wa ẹlẹ́ẹ̀kejì wọlé, a ti fò sókè, rẹfirí lọ wo fídíò, ó fagi lé e, ó sì fún South Africa ní pẹ́nárítì. Ọ̀kan sí ọ̀kan. A fi pẹ́nárítì borí ní 4-2. Ìwé ìròyìn gbé e jáde lẹ́yìn náà pé àwọn èèyàn kú níwájú tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnì kan tó ti ṣe ọmọ ilé aṣòfin àpapọ̀ rí láti Ìpínlẹ̀ Delta wà lára wọn. A ò tilẹ̀ pàdánù lọ́jọ́ yẹn o! Lọ́jọ́ 11, nínú àṣekágbá, Troost-Ekong kọ́kọ́ gbá tiwa wọlé ní Abidjan, Côte d'Ivoire dá méjì padà, ife lọ.

Bọ̀dá tó ń béèrè bóyá kóun fi Rivers United sílẹ̀, rárá. Ẹ wọ jẹ́sì yín lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1976 ka aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì méje: tí ẹgbẹ́ iléèwé wọn bá borí ní Sátidé, aṣọ iléèwé á pọ̀ lára wọn ní Mọ́ńdè, tí wọ́n bá nà wọ́n, aṣọ á dín. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ti oògùn tí mo ní n ò ní fo. Ẹ̀yin tí dókítà ti fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í ṣe ìgbà tí rẹfirí bá ti nawọ́ sí àmì pẹ́nárítì lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá oògùn kiri. Bí dókítà ṣe ní kẹ́ ẹ máa lò ó lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ lò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò rí, tẹ́ ẹ sì ti lé ní ogójì ọdún, ilé ìlera wà ládùúgbò, ẹ lọ kó tó di pé wọ́n tún gbá bọ́ọ̀lù.