X Tí Ń Yan Y Jẹ

Ẹni tí ó bá fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ọjà Ìkòtún sílẹ̀ títí tí ó fi pọ́n jù yóò rí àwọn eṣinṣin wíńníwínní, olójú pupa, lórí rẹ̀. Nínú ẹbí wọn ni Drosophila simulans wà.

Bí ó ti rí lára ènìyàn ni ó rí lára wọn: abo ní X méjì, akọ ní X kan àti Y kan. Ìdajì àtọ̀ akọ ni ó yẹ kí ó gbé X, kí ìdajì gbé Y, kí ọmọ akọ àti ọmọ abo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n X kan wà tí kì í gbà kí ogún pín dọ́gba. Nígbà tí àtọ̀ ń pín, kì í jẹ́ kí Y pínyà bí ó ti yẹ. Èyí tí ìbá gbé Y a sì bàjẹ́. Nítorí náà, abo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ irú bàbá bẹ́ẹ̀. Gershenson, onímọ̀ kan ní Sófíẹ́ètì ìgbà náà, ti kọ̀wé nípa irú èyí lára eṣinṣin mìíràn ní 1928.

X yìí kò ní láti ṣe eṣinṣin ní oore kankan kí ó tó tàn kálẹ̀. Ìpín Y tí ó gbà tó o. Bí kò bá rí adènà, akọ lè wọ́n títí tí ìran náà yóò fi run. Ṣùgbọ́n adènà a máa yọ: àwọn Y kan ti wà tí ìyànjẹ náà kò ràn mọ́.

Àwọn onímọ̀ Imperial College London wá yí ọ̀rọ̀ náà padà fún Anopheles gambiae, ẹ̀fọn tí í gbé ibà kiri ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 2014, wọ́n kéde pé wọ́n ti fi ohun kan sínú akọ rẹ̀ tí ń gé X wẹ́lẹwẹ̀lẹ nígbà tí àtọ̀ ń jẹ yọ. Nínú 100 ọmọ rẹ̀, ó ju 95 lọ tí ó jẹ́ akọ. Abo nìkan ni í mu ẹ̀jẹ̀. Bí abo bá sì tán, ta ni yóò yé ẹyin? Ní 2020, irú èyí tí wọ́n ṣe kí ó máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀ pa gbogbo ẹ̀fọn inú àhámọ́ wọn run.

Àhámọ́ kì í ṣe ìgboro. Ní abúlé Bana ní Burkina Faso, ní 2019, akọ ẹ̀fọn tí ó lé ní 6,000 ni wọ́n tú sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò lè bímọ, wọn kò sì gbé ohun tí ń tàn kálẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba ibẹ̀ dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹ̀fọn kò mọ ẹnubodè. Bí ìlú kan bá gbà kí wọ́n tú u sílẹ̀, ta ni yóò béèrè lọ́wọ́ ará Ìgàndó?

Ní Alímọ̀ṣọ́, omi òjò tí ó dá rogún sójú ọ̀nà ni Anopheles fẹ́ràn láti yé sí. Púpọ̀ nínú àwọn tí í ti inú gọ́tà ìdọ̀tí jáde wá kùn sí ará Ẹ̀gbẹ́dá létí lóru, Culex ni wọ́n. Gígé X Anopheles kò kàn wọ́n.