Ẹnì Kan fún Ọmọ Kan

Ọ̀rọ̀ tí àwa tí a ń gbé Vridi, ní Abidjan, mú wá síwájú yín kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan ilé olúkúlùkù wa. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́langba wa ni, àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè méjì, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè ka ojú ìwé kan já gaara nínú èyíkéyìí.

Ní ilé, Yorùbá ni ìyá ń bá ọmọ sọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́, Faransé ni olùkọ́ fi ń kọ́ ọ. Òfin tí ìjọba Côte d'Ivoire ṣe ní 2015 sọ ọ́ di dandan kí ọmọ ọdún 6 títí dé 16 wà ní ilé-ẹ̀kọ́, èyí sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ bá pọ̀, olùkọ́ kan kò lè gbọ́ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kà a máa sá pamọ́ sẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀; nígbà tí ó bá sì di ọmọ ọdún 14, ojú a máa tì í láti bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bí lẹ́tà bá ti Èjìgbò tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ẹlòmíràn ni yóò kà á fún un.

Àwọn kan ń wí pé láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti dàgbà jù. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther tó nǹkan bí ọmọ ọdún 13 nígbà tí a gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822, tí a mú un dé Sierra Leone, láìmọ lẹ́tà kan. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 6, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Ní 1843, ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò dí Faransé lọ́wọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́ yòókù. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Kí àgbà kan mú ọmọ kan, ní gbangba nínú gbọ̀ngàn ìjọ, fún ìdajì wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí ọmọ sọ ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ náà. Kí àgbà kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti wí i. Kí ọmọ sì ka ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ ọ̀rọ̀ titun 5 sínú ìwé rẹ̀, Yorùbá ní apá kan, Faransé ní apá kejì, kí ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ gbólóhùn. Kí a kọ́ ọ ní àmì ohùn, kí ó lè mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀ àti ọkọ́. Ní ìparí oṣù, kí ó kọ lẹ́tà kúkúrú sí ìyá rẹ̀ àgbà ní ilé. Bí ó bá ṣe àṣìṣe 10, ẹ tún 2 ṣe, kí ìyókù di ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí a ń bá wí nígbà gbogbo kì í fẹ́ mú kálàmù mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Vridi mọ ipa omi tí a gbẹ́ láti inú òkun wọ inú ọ̀sà, tí a ṣí ní 1950. Kí a tó gbẹ́ ẹ, ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó dá omi méjèèjì sí méjì, ọkọ̀ ńlá kò sì lè wọ inú ọ̀sà. Iṣẹ́ irú èyí ni a ń bẹ̀ yín sí, láàárín èdè ẹnu ọmọ àti ìwé ọwọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sùn ní ọjọ́ tí ẹ bá padà dé ẹ̀ka yín, kí ẹni tí ó mọ̀wé yan ọmọ kan, kí ó sì dá ọjọ́ fún un. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.