Bíréèkì Tí Ó Mú Tí Kò Tú

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kúnwó kọ́ ni a dìde láti sọ lónìí. Alùpùpù wa ni, pàápàá àwọn àgbà inú wọn, Honda CD175 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó fi owó Udoji ọdún 1975 ra alùpùpù, àwa ọmọ wọn sì jogún rẹ̀ pẹ̀lú wàhálà rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ kan, a di àpò èlùbọ́ sẹ́yìn alùpùpù láti Ṣakí, Ìsẹ́yìn ni à ń lọ. Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà, ó dà bí ẹni pé ènìyàn ń fà wá sẹ́yìn. Mẹkáníìkì tí a gbé e fún tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó ní ríìngì ti jẹ. A san owó ríìngì, a san owó iṣẹ́, owó ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Nígbà tí a tún gbéra, alùpùpù kò sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá kan tí ó ń ta pẹtiróòlù inú ìgò ni ó ní kí a sún ọwọ́ mọ́ họ́ọ̀bù ẹ̀yìn. Ó gbóná bí ìkòkò ẹ̀kọ. Bíréèkì ni ó há láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ́ńjìnnì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Bíréèkì wọ̀nyí kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Bàtà bíréèkì méjì ni ó wà nínú họ́ọ̀bù. Ìdí wọn kan fara ti irin kan. Láàrín ìdí kejì ni káàmù wà, irin pẹlẹbẹ tí ó ń yí. Bí a bá tẹ bíréèkì, káàmù a yí, a ya bàtà méjèèjì, wọn a sì lẹ̀ mọ́ dúróòmù. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, sípíríǹgì a fà wọ́n padà. Ohun tí ó bá dí ìpadà yìí lọ́wọ́ ni kí a wá, kí a tó náwó.

Ẹ gbé e sórí sítáńdì àárín, kí wíìlì má kan ilẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí i, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún yí i. Bí ó bá há, ẹ wo apá kékeré tí ó wà lára họ́ọ̀bù. Bí kò bá padà àfi bí a bá fi ọwọ́ tì í, káàmù ni ó há. Bí ó bá padà tí wíìlì ṣì há, ẹ tú wíìlì kí ẹ wo sípíríǹgì, ó lè ti nà tàbí kí ó ti já. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni ó ti ń há bí ó ti ń yí, dúróòmù kò rí róbótó mọ́ nìyẹn. Ní ti iwájú, kébù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ da ọ́ìlì sí i láti òkè títí yóò fi kán nísàlẹ̀; bí okùn irin rẹ̀ bá ti ń já, ẹ ra òmíràn.

Ṣéènì náà ń tan púpọ̀ nínú wa jẹ. Bí ó bá dẹ̀, a ó fa wíìlì ẹ̀yìn sẹ́yìn kí ó lè le. Ṣùgbọ́n ọ̀pá bíréèkì kò gùn sí i. Bí wíìlì ti ń lọ sẹ́yìn ni ọ̀pá ń fa apá bíréèkì, a ó sì máa gun alùpùpù lọ bí ẹni tí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fa ṣéènì, kí ó tún nọ́ọ̀tì bíréèkì tú díẹ̀. Kí pẹ́dà lọ sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí mú.

Ní Òkè-Ògùn tiwa, eruku ni ọ̀tá káàmù. Ọyẹ́ a gbé eruku wọlé, gíríìsì àtijọ́ a gbà á mọ́ra, méjèèjì a gan pọ̀. Òjò a dé, ìpẹtà a bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ káàmù, ẹ fi sáńpépà họ ìpẹtà, ẹ fi gíríìsì tí ó lè gba ooru pa á, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò yọ́ sára bàtà, bíréèkì tí ó ń há yóò wá di èyí tí kò mú rárá.

Ohun tí ó dùn wá jù ni èyí. Ẹ wo àwọn ọmọ iṣẹ́ wa: wọn a tú wíìlì, wọn a gbé e sún mọ́ ojú, wọn a fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀. Asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ bàtà bíréèkì àtijọ́. Eruku rẹ̀ a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, a máa fa jẹjẹrẹ, ó sì lè tó 20 ọdún tàbí 40 kí àìsàn náà tó yọjú. ILO ṣe àdéhùn lórí rẹ̀ ní Geneva ní ọdún 1986, òun ni nọ́ńbà 162. Ṣùgbọ́n àdéhùn Geneva kò lè di ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ̀yin ọ̀gá ni yóò dí i. Kí ó fi omi ọṣẹ rin inú dúróòmù kí eruku má fò, kí ó fi àkísà tútù nù ún, kí ó di àkísà náà sínú ọ̀rá kí ó tó dà á nù. Aṣọ tí ó fi ṣiṣẹ́ náà, kí ẹ má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ àwọn ọmọ kéékèèké.