Màmá Mi Kí Wọ́n Tó Di Màmá Mi

  

Ọ̀rọ̀ àwọn màmá wa la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe màmá tó ń fi àdúrà àárọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp láago márùn-ún o. Ọmọdébìnrin tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó bí wa ni mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ ọmọ yẹn rárá.

Bí ẹ bá sọ fún màmá yín pé, "Ẹ sọ ìtàn ayé yín fún mi," ohun tí ẹ máa gbọ́ ni, "Ìtàn wo? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ó parí nìyẹn. Ìbéèrè náà ti tóbi jù. Ohun kékeré ni kí ẹ béèrè. Ẹ béèrè iye owó. Èmi bi màmá mi pé, "Èló lẹ ń rán bùbá nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ?" Wákàtí méjì gbáko ni fóònù mi fi gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí wọn sí, ìlú aláṣọ òfì. Ní January 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1958, wọ́n ní kí màmá mi gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí wọ́n fi kan etí òsì. Ọwọ́ kàn án. Bí wọ́n ṣe wọlé ìwé nìyẹn, kò sẹ́ni tó béèrè ìwé ọjọ́ orí.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà tán ní 1963. Ibẹ̀ ni ọ̀fẹ́ parí sí. Owó ni wọ́n fi ń lọ sẹ́kọ́ńdìrì. Modern School náà, owó ni. Bàbá wọn ń hun aṣọ, owó ọwọ́ wọn ò sì lè rán ju ọmọ kan lọ. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ló lọ. Màmá mi ní, "Èmi ni mo sì máa ń bá a ṣe ìṣirò." Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún o, síbẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ yẹn wà nínú ohun tí fóònù mi gbà sílẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n mú wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọmọ iṣẹ́ ń gbé. Wọ́n á pọnmi, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á pọn ọmọ ọ̀gá, kí wọ́n tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Nígbà tí màmá mi ṣe fíríídọ́ọ̀mù, ìyá wọn ta aṣọ òfì méjì nínú àpótí wọn, wọ́n fi ra máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ fún wọn. Ẹ fi máṣíìnì yẹn sọ́kàn.

Mo béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó. Wọn ò rántí. Wọ́n kàn ní, "Kò pẹ́ sígbà tí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún." Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì: 2 April 1972 ni Nàìjíríà ṣe ìyípadà yẹn. Awakọ̀ ni bàbá mi, ẹbí ò sì dẹ́kun àdúrà lórí wọn lọ́dún náà.

Nílé ọkọ, ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Màmá mi wá orúkọ fún gbogbo wọn: Akọ̀wé, Adúmáadán, Eyínfúnjowó. Àbúrò bàbá mi kan wà tó ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, "Akọ̀wé" ni màmá mi ṣì ń pè wọ́n.

Ní 1 January 1973, owó yí padà. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Màmá mi fa ìlà sáàárín ìwé: ṣílè lápá kan, kọ́bọ̀ lápá kejì. Bùbá tí wọ́n ń rán ní ṣílè márùn-ún di àádọ́ta kọ́bọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá tó ń tajà ládùúgbò fi ń wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn kí wọ́n lè bá wọn ṣírò owó ọjà. Ìwé mẹ́fà yẹn ló ń ṣiṣẹ́.

Lọ́dún yẹn náà, ẹni tó ni ọkọ̀ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá láti Ọ̀yọ́, wọ́n ní kí wọ́n ta máṣíìnì, kí wọ́n fi owó rẹ̀ kún owó ọkọ̀ mìíràn. Màmá mi kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Baba wa, ẹ ṣeun tí ẹ ń gbèrò ire fún wa. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń tẹ máṣíìnì yìí. Bí ẹ bá tà á, ẹsẹ̀ mi lẹ tà." Wọ́n wá ṣí ìwé ìṣirò wọn: owó ilé oṣù mẹ́ta, owó oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ láti inú aṣọ rírán. Ilé pa lọ́lọ́. Bàbá mi ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn: "Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún un."

Wọn ò tà á. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò bá màmá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí àwọn fúnra wọn wá sọ ọ́ lórúkọ.

Nígbà tó di 1979, ìjọba ẹgbẹ́ UPN sọ sẹ́kọ́ńdìrì di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tó wà lọ́wọ́ wọn. Yúnífọ́ọ̀mù ni màmá mi ń rán lójoojúmọ́ nígbà náà. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi pẹ́ jù fún mi." Mo wá mọ ìdí tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò fi gbọ́dọ̀ pa ilé ìwé jẹ, kódà bí òjò ń rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìyá wa lè má mọ ọjọ́, àmọ́ wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìgbà tí mọ́tò yí ọwọ́ padà, 1972 nìyẹn. Ìgbà tí náírà dé, 1973. Ìgbà tí wọ́n lé àwọn ará Gánà lọ, 1983. Ẹ so ọ̀rọ̀ wọn mọ́ ọn, ẹ ó rí ọdún.

Ẹ béèrè mẹ́ta péré lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Kí lẹ fẹ́ dà nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún méjìlá? Èló ni wọ́n ń san fún iṣẹ́ yín àkọ́kọ́? Kí lẹ kọ̀ láti tà? Ẹ tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù kí ẹ tó béèrè. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ má tètè pa á.

Ẹ fi ohun tí ẹ bá gbọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ẹ bá mi kí màmá o. Ó dìgbà kan ná.